Ọ̀rọ̀ Látìn tí Tíṣà Kọ́ Wa

Òórùn ṣọ́ọ̀kì ṣì máa ń bí mi nínú. Ní Alájo, ní Àkúrá, nílẹ̀ àjèjì tí a ń gbé nígbà náà, tíṣà wa kọ "expel" sójú pátákó láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní Látìn ni: "ex" ni ìta, "pellere" ni kí á ti nǹkan; àpapọ̀ rẹ̀ ni kí á lé ènìyàn jáde. Lọ́sàn-án, ó wá ra ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi ní ọ̀pọ́ọ́kú. Aláta ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀.

"Ìjọba ti lé ẹ̀yin Aláta. Ṣé orí lẹ máa gbé e sí, Màdáámù?"

Mo fi ìdùnnú ka ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un. Ó pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìyá mi rọra yọ irin kékeré tí ẹ̀rọ náà kò lè ránṣọ láìsí rẹ̀, ó dì í mọ́ etí ìró rẹ̀.

"Ẹ máa gbé e lọ, Tíṣà."

Tíṣà ti mọ̀ pé àwa ni wọ́n máa lé kó tó kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ náà. Irin náà ṣì wà lọ́wọ́ mi.