Mo Ń Wá Ọ̀gá Tí Ọwọ́ Rẹ̀ Mọ́

Àlùfáà ni bàbá mi. Ní agbo-ilé wa ní Gàmbàrí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn ọmọ kéwú ti máa ń jókòó sórí ẹní, èmi náà sì bá wọn jókòó kí n tó lọ sí yunifásítì lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, inú mi dùn gan-an nígbà tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí jẹ́ iṣẹ́ tí mo lè ṣàlàyé fún un. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ni, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lórí Táíwò Road. Áàpù ìrun kíkí ni wọ́n ń ṣe. Bí o bá gbé e sórí fóònù rẹ, á máa pe ìrun fún ọ lásìkò, á sì fi ibi tí o máa kọjú sí hàn ọ́.

Ojú áàpù náà ni iṣẹ́ tèmi: àwọ̀ rẹ̀, bí lẹ́tà ṣe máa tóbi tó, ibi tí èèyàn máa tẹ̀. Mo gbé e lọ fún bàbá mi. Ó wò ó títí.

"Ṣé ìwọ lo ṣe èyí?"

"Èmi àti àwọn kan ni, Bàbá."

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn wáàsí, ó sọ fún jàmáà rẹ̀ pé kí gbogbo wọn gba áàpù ọmọ òun. Àwọn ìyá àgbà ń gbé fóònù wọn wá bá mi nílé pé kí n bá àwọn gbé e sí i.

Nígbà tó yá, ẹnì kan ní ọ́fíìsì wa rí iṣẹ́ sí Àbújá, wọ́n sì ní kí n máa bójú tó inú áàpù náà tí onítọ̀hún ń bójú tó tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé, bí áàpù náà bá ti ń pe ìrun, ó ń fi ibi tí ẹni tó ni fóònù wà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun: ilé rẹ̀, ibi iṣẹ́ rẹ̀, mọ́ṣáláṣí tó ń lọ. Mo rò pé àṣìṣe ni. Mo mú un lọ bá ọ̀gá wa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, òun ló sì máa ń ṣáájú wa kírun ní ọ́fíìsì.

"Àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ wa nìyẹn," ó ní.

"Kí ni wọ́n ń fi ṣe, sà?"

"Mi ò bi wọ́n. Áàpù yìí ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Níbo lo rò pé owó oṣù rẹ ti ń wá?"

"Àwọn tó ń lò ó kò mọ̀."

"Wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ó wà nínú àdéhùn." Ó wò mí, kò bínú rárá. "Lọ yíká. Bí o bá rí ẹni tí kì í ṣe é, wá sọ fún mi."

Láti ọjọ́ náà, mi ò padà síbi iṣẹ́ yẹn mọ́.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi. Ó ń fi ìka yí tẹ̀súbáà rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó ń rà á, kí ló fẹ́ fi mí ṣe?" Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó kéde pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Àwọn díẹ̀ yọ ọ́. Àwọn tó pọ̀ jù ní áàpù náà ló ń jí àwọn láti kí Àsùbáà, àti pé kí ni ẹnikẹ́ni fẹ́ fi mọ́ṣáláṣí táwọn ń lọ ṣe? Ó wà lórí fóònù wọn títí dòní.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀gá mìíràn. Ilé-iṣẹ́ kan nítòsí Post Office pè mí, áàpù tẹ́tẹ́ ni tiwọn. Wọ́n fẹ́ kí n wá àwọ̀ àti ìró tí kò ní jẹ́ kí èèyàn lè fi fóònù sílẹ̀. Òmíràn pè mí láti Èkó lórí fídíò. Àwọn yẹn ń ṣe ohun tó ń ya àwòrán ojú òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé rẹ̀, kí ọ̀gá lè mọ̀ bó bá tòògbé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo ní rárá.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù. Obìnrin kan ló dá a sílẹ̀, áàpù fún àwọn aláboyún tó ń gba ìtọ́jú ni. Mo fẹ́ iṣẹ́ náà tọkàntọkàn. Mo bi í pé níbo ni ọ̀rọ̀ àìsàn àwọn obìnrin wọ̀nyí ń lọ.

"Àbúrò mi, mi ò ní parọ́ fún ẹ," ó ní. "Lọ́wọ́ wa ló ṣì wà. Bí àwọn tó fún wa lówó bá ní ká tà á, a máa tà á."

Mo bá a rẹ́rìn-ín, nítorí ó sòótọ́. Wọn ò pè mí mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan, tí a jọ jáde ní yunifásítì, ti wà ní ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ yẹn. Ó ní, "Ìwọ nìkan kọ́ lo ní ẹ̀rí ọkàn. Gbogbo wa la ní in. A kàn máa ń fi í sílé tí a bá ń lọ síbi iṣẹ́ ni."

Mo ń ṣe iṣẹ́ kéékèèké fún àwọn ilé ìwé, èyí tí kò tó nǹkan. Nígbà tó ṣe, ìyẹn náà gbẹ. Ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọṣẹ ìwẹ̀ mi mọ́ tirẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn ará Èkó tó ń ya ojú òṣìṣẹ́ tún kọ̀wé sí mi. Mo dáhùn pé mò ń bọ̀. Bàbá mi bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni.

"Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni, Bàbá."

Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ṣàdúà gígùn kan fún mi, pé kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i. Mo ṣe àmín. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.