Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Wọ́n Máa Pín Èmi àti Baba Àpínkẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fojú mi rí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ máa rẹ́rìn-ín o, mo ti mọ̀. Ẹ sáà rọra rín in, nítorí lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, èmi ò rẹ́rìn-ín rárá!

Mò ń já ewé zogale, ìyẹn mòríńgà, lẹ́yìnkùlé wa ní Dogarawa, ní Zaria, lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹni tó bá ti já zogale rí mọ̀ pé iṣẹ́ sùúrù ni. Ewé wíńníwínní ni, igi rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ bọ́ sí i. Mo ti já a dé ìdajì àwo nígbà tí Àpínkẹ́, ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́fà, sáré wọlé, ikun nímú, omijé lójú.

"Mama, wọ́n ní wọ́n máa raba wa! Ẹ̀yin máa lọ síbí, Baba máa lọ sọ́hùn-ún!"

Ẹ̀yin tẹ́ ò gbé ilẹ̀ Hausa, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Raba ni àwọn Hausa ń pe kí èèyàn pín nǹkan. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti gbọ́ raba láàárín tọkọtaya, ìgbéyàwó ti tú nìyẹn! Ọmọ tèmi yìí, Hausa yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Nítorí náà, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì pé bóyá ó ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́.

Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní Maman Bilki ni. Ó ń sọ ọ́ fún obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó sì nawọ́ sí ilé wa.

Maman Bilki kẹ̀! Aládùúgbò tí mò ń yá ní odó, tó ń yá mi ní asẹ́! Ọkàn mi lọ tààrà sọ́dọ̀ oníbàárà Baba Àpínkẹ́ kan. (Télọ̀ ni ọkọ mi, ó ń rán aṣọ tọkùnrin-tobìnrin.) Obìnrin yìí, gbogbo ìgbà ni aṣọ rẹ̀ máa ń fún jù, gbogbo ìgbà ni ọkọ mi máa ń tún un wọ̀n. Kí ló dé tí ìbàdí èèyàn kan ṣoṣo ò lè dúró sójú kan?

Mo fi zogale sílẹ̀, mo fi gèlè gbàjá, ó di ilé Maman Bilki. Mi ò kí i. Ní Zaria níbí, kí èèyàn wọlé tọni wá láìkí ẹni, ogun ti dé nìyẹn. Mo bi í ní Hausa pé kí ni mo fi ṣe é tó fi ń sọ káàkiri pé wọ́n máa raba èmi àti ọkọ mi.

Ó wò mí. Ó wo gèlè tó wà ní ìbàdí mi. Ó bú sẹ́rìn-ín! Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Wayyo, Maman Afinke! Kì í ṣe ìwọ àti ọkọ rẹ o! Àdúgbò ni wọ́n fẹ́ pín!"

(P kì í rọrùn lẹ́nu àwọn aládùúgbò wa, F ni wọ́n máa ń fi rọ́pò rẹ̀. Láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni Àpínkẹ́ ti di Afinke.)

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Àdúgbò wa ti tóbi jù fún olórí kan ṣoṣo, ilé tuntun ń hù lójoojúmọ́ bí olú. Ìjọba ìbílẹ̀ ti wá ní kí wọ́n pín in sí méjì. Baba mai unguwa, ìyẹn olórí àdúgbò wa, á máa mójú tó apá kan, wọ́n sì ti yan ẹlòmíràn fún apá kejì. Ilé wa gan-an ni ìlà náà máa gbà kọjá. Ohun tó ń nawọ́ sí nìyẹn.

Ojú tì mí débi pé mo bá a fẹ́ná rẹ̀ kí n tó kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí Baba Àpínkẹ́ gbọ́, ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "Ìyá Àpínkẹ́, ṣé o ò bá kọ́kọ́ bi mí kó o tó lọ kọ̀ mí sílẹ̀ nílé Maman Bilki?" Mo ní kó jọ̀ọ́, kó máa rán aṣọ rẹ̀, kó sì rí i pé ti obìnrin yẹn tó o lọ́tẹ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà sídìí zogale mi, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Mo rántí ìwé Àpínkẹ́.

Ẹ wò ó, ọmọ yìí fẹ́ wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iléèwé tí a mú fún un ń béèrè ìwé látọwọ́ mai unguwa, pé òun mọ ọmọ náà àtàwọn òbí rẹ̀, pé ará àdúgbò òun ni wọ́n. Lọ́dọ̀ Baba mai unguwa, ìyẹn ò le rárá. Baba mọ bàbá bàbá mi, àwọn tó wá láti ẹ̀gbẹ́ Ìlọrin. Zaria níbí ni wọ́n bí bàbá mi sí, ibí náà ni wọ́n bí èmi sí. Nígbà tí mo fẹ́ wọ sẹ́kọ́ńdírì, Baba ò bi mí ní ìbéèrè kankan. Orúkọ bàbá bàbá mi ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sínú ìwé kí wọ́n tó kọ tèmi.

Ẹni tuntun yìí ńkọ́? Tó bá bi mí pé níbo la ti wá, kí ni màá sọ? Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Òkè Ọya, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Tí a bá dé Ìlọrin, wọ́n á ní àwọn ará Zaria ti dé. Tí a bá wà ní Zaria, wọ́n á ní ọmọ ibo ni wá. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ìdáhùn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n wá fẹ́ pín wa kúrò yìí!

Sátidé tó tẹ̀lé e ni àwọn tó ń fa ìlà máa wá. A gbọ́ pé ilé tó bá bọ́ sórí ìlà, apá ibi tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bá kọjú sí ni wọ́n máa kà á mọ́. Ẹ wá gbọ́ wàhálà: ẹnu ọ̀nà méjì ni ilé tiwa ní! Àgbà ilẹ̀kùn kọjú sí ọ̀dọ̀ Baba. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ti la ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí òdìkejì, níbi tí títì wà, ibẹ̀ sì ni gbogbo ayé ń gbà wọlé, títí kan ewúrẹ́ Maman Bilki.

Kí ni mo ṣe? Ẹ má bú mi o. Láàárọ̀ Sátidé, kí ọkọ mi tó ti ibi tó ti lọ ra òwú dé, mo yí dúrọ́ọ̀mù omi lọ síwájú ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Mo to ìkòkò lé e lórí. Mo ta ìró bò ó, bíi pé ògiri lásán ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo gbá iwájú àgbà ilẹ̀kùn, mo wọ́n omi sí i, mo tẹ́ ẹní. Ẹni tó bá rí i á rò pé ọba ló fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá!

Àwọn òṣìṣẹ́ dé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mú ìwé dání àti ẹnì kejì tó gbé agolo ọ̀dà pupa. Baba mai unguwa náà wà níbẹ̀ lórí àga rọ́bà, ọ̀pá wọn láàárín ẹsẹ̀. Àwọn aládùúgbò ti dúró bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ẹnu ọ̀nà ilé dà.

"Ga ta nan!" Òun rèé! Èmi ni mo sọ ọ́, mo nawọ́ sí àgbà ilẹ̀kùn.

"Ga ta nan!" Ọkọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló sọ tiẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tayọ̀tayọ̀, ó nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù.

Tọkọtaya, ọwọ́ wá na ọ̀nà méjì! Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ó dáa, ṣé kí òun kọ ọkọ síbí, kí òun kọ ìyàwó sọ́hùn-ún ni?

Ibẹ̀ ni Àpínkẹ́ ti figbe ta. "Na faɗa muku! Mo ti sọ fún yín!" Ó fi ọwọ́ kan di ìró mi mú, ó fi èkejì di ṣòkòtò bàbá rẹ̀ mú, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa mira.

Ìgbà yẹn ni ọkọ mi tó rí dúrọ́ọ̀mù. "Ìyá Àpínkẹ́, ta ló kó ilé ìdáná wá síwájú ṣọ́ọ̀bù mi?" Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbójú sókè. Ó rí sáínbọ́ọ̀dù tí mo gbàgbé pátápátá, èyí tí wọ́n kọ "Ẹ Wọlé Níbí" sí ní Hausa, pẹ̀lú ọfà ńlá kan tó ń tọ́ka sí ìkòkò ọbẹ̀ mi!

Ó ká ìró tó bo ẹnu ọ̀nà sókè. Wọ́n fi ọ̀dà sàmì sí ògiri. Apá tuntun ni wọ́n kọ wá mọ́.

Omi bọ́ lójú mi láàárín ẹ̀rín gbogbo ayé. Baba rí mi, wọ́n sì bi mí pé kí ló dé. Mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ìwé Àpínkẹ́, ibi tí a ti wá, ta ló máa mọ̀ wá. Baba fi ọ̀pá wọn fa ìlà sínú iyẹ̀pẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kọjá rẹ̀, wọ́n tún gbé e padà.

"Layi aka ja," ni Baba wí, "ba katanga ba." Ìlà ni wọ́n fà, kì í ṣe ògiri.

Wọ́n dìde, wọ́n ní ká jọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tuntun náà.

Mai unguwa tuntun ò ju ẹgbẹ́ ọkọ mi lọ. Ó jókòó síwájú ilé rẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ tuntun lórí itan, kò tíì rí nǹkan kan kọ sí i. Baba jókòó tì í, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá bàbá mi. Wọ́n ní àwọn méjèèjì làwọn jọ gbẹ́ kànga ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Bàbá bàbá mi ló ń sọ̀ kalẹ̀, òun Baba ló ń fa iyẹ̀pẹ̀ sókè, torí pé òun ń bẹ̀rù òkùnkùn. Èmi tí mo mu omi kànga yẹn dàgbà, mi ò gbọ́ ìtàn yìí rí!

Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán. Ó ní ẹni tó gbẹ́ kànga fún àdúgbò, ṣé ọmọ rẹ̀ ni òun á tún máa bi pé níbo ló ti wá?

Ó ṣí ìwé, ó ní kí lorúkọ ọmọ. Ó kọ "Afinke". Mo ní P ni o. Ó gbìyànjú, "Afin... Apin...", Baba pàápàá gbìyànjú, eyín tó ti yọ ò jẹ́. Wọ́n ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an. Mo ní ọmọ tí wọ́n ń pín kẹ́ ni, tí gbogbo èèyàn ní ìpín nínú kíkẹ́ rẹ̀. Raba ni ọ̀rọ̀ Hausa tí mo rí fi túmọ̀ "pín".

Baba na ọ̀pá sókè. "Ashe ita ma an raba ta!" Àṣé wọ́n ti pín òun náà tipẹ́!

Mai unguwa tuntun kọ ìwé náà, Baba fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Sítáǹpù ò tíì dé, nítorí náà ọjọ́ Wẹ́sìdé ni mo padà lọ gbà á. P tó wà níbẹ̀ tóbi ju gbogbo àwọn yòókù lọ, ó tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹta!

Kí ni mo rí kọ́? Àkọ́kọ́, kí èèyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ tán kó tó fi gèlè gbàjá. Èkejì, ìjọba lè fa ìlà síbi tó bá wù wọ́n, iṣẹ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n ẹ wá ẹni tó mọ̀ yín, kó bá yín rìn kọjá ìlà náà. Baba ò ní kí n máa lọ fúnra mi, wọ́n tẹ̀ lé mi ni.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Wọ́n ti pín àdúgbò yín rí? Àbí èdè ẹlòmíràn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé yín ká? Ẹ kọ tiyín síbí o, kí ojú má baà ti èmi nìkan!

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo gba ìwé náà, Àpínkẹ́ ń jẹ zogale lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì bi mí bóyá raba náà ti parí. Mo gbé e lé itan. Mo ní tí wọ́n bá pín ẹran Iléyá, ṣé ẹran náà sọnù ni? Rárá, àwọn tó máa jẹ nínú rẹ̀ ló pọ̀ sí i. Mo ní bí wọ́n ṣe pín àdúgbò wa nìyẹn, bí wọ́n ṣe pín ìwọ náà nìyẹn: tẹ́lẹ̀, mai unguwa kan ló mọ orúkọ rẹ, ní báyìí wọ́n ti di méjì.

"Mama, ta ló máa wá gba ẹ̀dọ̀?"

Mo ní, "Ìwọ ni ẹ̀dọ̀ náà. Ìyẹn, èmi àti bàbá rẹ ò pín in fún ẹnikẹ́ni."