Ọkùnrin Tó Kọ́kọ́ Gbé Kọ̀ǹpútà Wá Sí Ọjà Ọba

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin ní Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́ níbí, ìyà ń jẹ ìlú. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rí ọ̀wọ́n gógó. Ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Ní ìgbà Sáàpù tí mò ń wí yìí, tí ìjọba ológun ní kí gbogbo wa fún ìgbànú mọ́ra, àwọn ilé iṣẹ́ ń palẹ̀ mọ́ l'Ékòó, owó oṣù kì í tètè dé, búrẹ́dì sì ti di ohun tí a ń jẹ lọ́jọ́ ọdún. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni bàbá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Ọmọ Àkúrẹ́ ni ìyá mi, aṣọ òkìrìkà ló ń tà ní Ọjà Ọba.

Àárín ìnira yẹn ni ọkùnrin kan dé sí ọjà. Ọmọ Oǹdó ni, Bọ̀dá Oǹdó la sì ń pè é. Ilé iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ l'Ékòó ló kógbá sílé, dípò kí wọ́n fún un ní nǹkan gidi, ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kan ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Orí itan ló gbé e sí láti Èkó dé Àkúrẹ́, kò gbà kí wọ́n jù ú sí búùtù. Ó gba yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù télọ̀, nítòsí ìsọ̀ ìyá mi, ó ní òun fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ ìlú. Dúdú ni ojú ẹ̀rọ náà, lẹ́tà aláwọ̀ ewé a sì máa tàn lórí rẹ̀. Tó bá ń ṣiṣẹ́, a máa kùn ju ẹ̀rọ ìránṣọ lọ. Lójú tiwa, kò sí ohun tó dára tó o.

Ìyá mi kò kọ́kọ́ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. "Uṣẹ́ kí nìyí? Má gbé e wọ ulé mi o," ló wí. Ṣùgbọ́n mo yọ́ lọ. Bọ̀dá Oǹdó ní, "Àbúrò, jókòó. Kọ orúkọ rẹ." Mo kó ọwọ́ sẹ́yìn, ẹ̀rù ń bà mí pé n óò bà á jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. "Fọwọ́ kàn án jàre. Kì í ṣe òrìṣà." Mo bá tẹ̀ ẹ́, orúkọ mi sì ń jáde ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí mo fi tọ́ àwọn òbí yín dàgbà, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ó wá ku ti ọ́fíìsì bàbá mi. Ìjọba ra kọ̀ǹpútà tuntun fún wọn, ẹ sì gbọ́ ohun tí wọ́n fi ṣe. Wọ́n tì í mọ́ yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá àgbà nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́, òun náà kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tàn án. Kí ẹnikẹ́ni tó tàn án rárá, ó pe pásítọ̀ rẹ̀ wá yà á sí mímọ́. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, ọmọ ìjọ lèmi náà, mo sì gbàgbọ́ nínú àdúrà. Ṣùgbọ́n ta ní ń da òróró sórí ohun tó ń lo iná? Bàbá mi wà níbẹ̀. Ó ní wọ́n kọrin, wọ́n pàtẹ́wọ́, pásítọ̀ dojú ìgò délẹ̀, òróró ṣàn wọ inú ẹ̀rọ lọ ràì, gbogbo ọ́fíìsì sì ṣe àmín. Nígbà tí wọ́n wá tan iná sí i, ó dún pà, èéfín rú, ó parí. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n fi lésì funfun bò ó. Wọ́n wá ń mú àlejò bọ́ bàtà wọlé láti wá wo òkú ẹ̀rọ, àwọn atẹ̀wé sì wà níta nínú ooru, wọ́n ń lu táípúráítà àtijọ́. Èmi náà bọ́ bàtà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gbé oúnjẹ lọ fún bàbá mi. Tí mo bá rántí, ó máa ń rí mi lára.

Ìgbà tó yá, ìròyìn dé pé àwọn ènìyàn ńlá ń bọ̀ wá yẹ iṣẹ́ wò, wọ́n á sì fẹ́ kí ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ lójú wọn. Jìnnìjìnnì bo ọ̀gá, ó ránṣẹ́ pe Bọ̀dá Oǹdó. Ọkùnrin náà tú ẹ̀rọ, ó fi òwú nu òróró títí, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ó ti jóná. Kọ̀ǹpútà kì í fẹ́ òróró, ọwọ́ ènìyàn ló ń fẹ́." Ojú ti ọ̀gá níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó bi í bóyá èyí tó wà l'Ọ́jà Ọba ń ṣiṣẹ́. Ọkùnrin náà, tí kò mọ ẹ̀tàn, dáhùn pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọlọ́pàá dé. Wọ́n ní ó jí kọ̀ǹpútà ìjọba. Èmi gan-an ni mo jókòó sídìí rẹ̀ nígbà tí wọ́n fa wáyà yọ. Wọ́n gbé e lọ tààrà sí yàrá tútù yẹn, wọ́n fi lésì kan náà bò ó, wọ́n sì ti ọkùnrin náà mọ́lé títí ìyá rẹ̀ fi wá láti Oǹdó wá dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Gbogbo ọ́fíìsì ló mọ ẹni tó ni ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó lanu. Bàbá mi náà mọ̀. Ìyá mi bi í nídìí oúnjẹ pé, "Ẹ rí i, ẹ sì dákẹ́?" Bàbá mi ní, "Tí wọ́n bá lé mi níṣẹ́, kí la máa jẹ?" Ìyá mi gbé abọ́ ẹ̀bà tirẹ̀, ó jáde síta. Òun tí kò fẹ́ràn kọ̀ǹpútà ló mú mi lọ sí Oǹdó nígbà ọlidé, ó ní kí n lọ parí ohun tí mo bẹ̀rẹ̀. Bọ̀dá ti ń ṣa àwọn ẹ̀rọ tó ti kú jọ nínú pálọ̀ bàbá rẹ̀, ó ń jí wọn dìde. Ibẹ̀ ló ti kọ́ mi, ibẹ̀ náà ló ti kọ́ ọmọ ìlú títí ó fi darúgbó.

A sin ín ní Oǹdó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ta lẹ rò pé wọ́n kọ́kọ́ gbé gbohùngbohùn fún? Ọ̀gá àgbà yẹn ni. Ó ti di olóyè, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ó nu ojú tí kò sí omi nínú rẹ̀, ó ní, "Èmi ni mo fún un ní kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tó lò láyé rẹ̀." Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ìyàwó olóògbé tẹ orí ba.

Bí olóyè náà ṣe wá jókòó tì mí, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Ẹnìkan ti bá a ká ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. "Ọmọ mi, bá mi fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́." Mo ní, "Bàbá, ẹni tí ì bá kọ́ yín la ṣẹ̀ṣẹ̀ sin yìí. Ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ gbà, ẹ ò gba ẹ̀kọ́." Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni pé mò ń ṣàwàdà, ó yí sí ẹlòmíràn, onítọ̀hún sì bá a tẹ̀ ẹ́.

Láyé ìgbà tèmi, irọ́ a máa fẹsẹ̀ rìn láti ojúlé dé ojúlé, ẹni tó bá mọ òótọ́ lè bá a lọ́nà. Èyí ti dé Àkúrẹ́ kí ọkọ̀ mi tó dé. Mo rí i nínú fóònù tèmi, nínú ẹgbẹ́ àwa tí Bọ̀dá kọ́, wọ́n ti to àtẹ́wọ́ sábẹ́ rẹ̀. Mo fi ìka tí Bọ̀dá kọ́ ní lẹ́tà títẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sí wọn pé: "Irọ́ ni. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ojú mi ló ṣe." Nígbà tí mo máa fi jẹun tán, wọ́n ti yọ mí kúrò nínú ẹgbẹ́. Ìdí rèé tí mo fi ní kí ẹ pa fóònù yín, kí ẹ wá jókòó. Ẹnu ni mo fẹ́ fi sọ ọ́ fún yín.