Ẹni Tó Wa Ọkọ̀ Náà

Òórùn gíríìsì àti ti epo pupa ló kọ́kọ́ máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ọgbà bàbá mi ní Muṣin láyé ìgbà yẹn. Lọ́rì Bàbá ló ń kó àgbá epo wá láti òkè, bí wọ́n bá sì ti já ẹrù tán, gbogbo ibi tí àgbá ti yí kọjá á máa dán lórí ilẹ̀ títí òjò á fi wá fọ̀ ọ́. Bí oòrùn bá mú, àwọn ògbólógbòó táyà tí wọ́n tò sára ògiri á máa rùn bí ẹni pé iná ń jó wọn lábẹ́. Àwọn ìyá mi a máa fi ìborùn bo imú. Èmi kì í bò ó. Ọ̀rẹ́ mi, kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: òórùn yẹn wù mí ju tùràrí lọ, torí pé òórùn ibi tí wọ́n ti ń jáde lọ síbòmíràn ni.

Dẹ́rẹ́bà àgbà kan tó ti ń bá Bàbá ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bí mi ló kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà. Bí eré ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n bá òun sún lọ́rì kúrò lójú oòrùn, mo sì sún un. Nígbà tó yá, èmi ni mo ń to gbogbo lọ́rì sí àyè wọn nírọ̀lẹ́. Bàbá rí wa lọ́jọ́ kan, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Inú ọgbà nìkan o." Gbólóhùn yẹn ni mo fi gbé ayé fún ọdún púpọ̀. Mo lè wa lọ́rì tó kún bámúbámú dé ẹnu géètì, kí n sì fi ẹ̀yìn wà á padà láìkan ògiri, ṣùgbọ́n táyà iwájú kò gbọdọ̀ kan títì. Kódà nígbà tí Bàbá jẹ́ kí n gba láísẹ́ǹsì, torí kó lè máa fi èmi ọmọbìnrin tó mọ ọkọ̀ wà yangàn lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Mo ti lé lógún ọdún nígbà náà, aṣọ ni mo ń rán fún àwọn ará àdúgbò. Bí mo bá jókòó sídìí ẹ̀rọ, tí mo gbọ́ tí ọkọ̀ kan ń yí jíà lójú títì Agége, ẹsẹ̀ mi á kàn ki pẹ́dàlì mọ́lẹ̀, abẹ́rẹ́ á sì kán. Ìyá mi á ní, "Kí ló ń lé ọ gan-an?" Mo kàn máa ń fi abẹ́rẹ́ mìíràn sí i.

Bọ̀dá mi, ẹnì kan ṣoṣo tí ìyá mi bí ṣáájú mi, ló gbé ọ̀rọ̀ eré ọkọ̀ wọlé. Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì kan ní Yaba. Àwọn òyìnbó kan àti àwọn ọlọ́lá díẹ̀ nínú àwa náà ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n ń fi ọkọ̀ sáré lọ́jọ́ Sunday lórí pápá kan ní Yaba tí àwọn sójà pa tì lẹ́yìn ogun àgbáyé. Wíwọlé síbẹ̀ le. O ní láti ní ọkọ̀ tìrẹ, kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì sì dúró fún ọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dán ọ wò lójú ọ̀nà gbọọrọ, láti Yaba dé Abẹ́òkúta àti àbọ̀, pẹ̀lú ẹnì kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ tí á máa wo àwòrán ọ̀nà àti aago. Ẹni tó bá ṣe dáadáa ni wọ́n á pè sí pápá. Òfin kan wà tí wọn kì í fi ṣeré: ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ pé òun ni awakọ̀, òun nìkan ni kó wà á lọ, kó sì wà á bọ̀.

Bọ̀dá mi ra ọkọ̀ kékeré kan aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé. Ó rí ẹni méjì tó dúró fún un ní ọ́fíìsì. Èmi ló mú ṣe ẹnì kejì. Ó ní, "Ta ni n bá tún mú? Ìwọ lo gbọ́ èdè ẹ́ńjìnnì." N kò sùn dáadáa títí ọjọ́ náà fi pé. A sọ fún Bàbá pé a ń lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá wa ní Abẹ́òkúta. Ní tòótọ́ a kí wọn, ṣùgbọ́n láti ojú fèrèsé ọkọ̀ tí ń sáré ni.

Òwúrọ̀ ni wọ́n tú wa sílẹ̀ ní Yaba, ọkọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn. Bí a ṣe ń súnmọ́ Muṣin, mo tẹrí ba wọ abẹ́ pákó iwájú ọkọ̀ bí ẹni tó ń wá yẹtí, kí ẹnikẹ́ni nílé wa má baà rí mi. Bọ̀dá mi ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀ṣọ́dì, Ìkẹjà, Agége, gbogbo rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn Ọ̀tà, igbó sún mọ́ ọ̀nà, eruku pupa ń wọlé sí wa lẹ́nu. Bọ̀dá mi kì í ṣe awakọ̀ burúkú. Àmọ́ ó máa ń pẹ́ kó tó yí jíà, ọkọ̀ á máa ké, ara mi á sì máa ta bí ẹni tí èèrà wọ̀ láṣọ. Mo di àwòrán ọ̀nà mú ṣinṣin lórí itan mi. Iṣẹ́ mi kọ́, mo ń sọ fún ara mi, iṣẹ́ mi kọ́.

Ìgbà tí à ń bọ̀ ni nǹkan ṣẹlẹ̀. A ti kọjá Ifọ̀ nígbà tí a dé afárá kan tó tóóró. Àárín rẹ̀ ni a wà tán nígbà tí ọkọ̀ agbégilódò kan já lù wá látòdìkejì, ìtì igi yọ gọngọ lẹ́yìn rẹ̀, kò sì dúró. Bọ̀dá mi tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ó sì ya sí ẹ̀gbẹ́. Ìdí ọkọ̀ wa fì, irin afárá ha á lára kíríkírí, ìtì igi ré kọjá lójú fèrèsé mi, ó sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbóòórùn oje rẹ̀. Nígbà tí ariwo lọ tán, a ti dúró. Odò ń ṣàn lábẹ́ wa. Kò sí ẹni tó fara pa.

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí n rí i. Wọ́n ń gbọ̀n bí ewé. Ó ní, "Wò ó. Kò dúró."

"Ẹ bọ́ síbí, kí n bọ́ síbẹ̀."

"Òfin ńkọ́?"

Ọkọ̀ kan nínú àwọn tá a jọ jáde ní Yaba kọjá lára wa, ó da eruku bò wá. Mo ní, "Bọ̀dá, wọ́n ń lọ o." Ni ó bá sọ̀kalẹ̀.

Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí fún ọ, mi ò mọ̀ bóyá mo lè sọ ọ́. Mo so ìborùn mi mọ́ ọrùn, mo gba sítíárìn, mo sì wọ jíà, kò sì sí géètì kankan níwájú mi. Ẹ́ńjìnnì náà, tó ti ń ráhùn láti àárọ̀, dákẹ́ ìráhùn. A bá ọkọ̀ tó ré wa kọjá, a ré e kọjá. Ní ìyípo ńlá tó wà kí èèyàn tó wọ Ọ̀tà, ọkùnrin kan dúró sétí oko ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́, ọ̀kan lára àwọn tí ẹgbẹ́ fi ṣọ́nà. Mo mọ̀ ọ́n lójú: ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Yaba ni, ó jẹ́ sójà nígbà ogun, òun ló ń tún ọkọ̀ àwọn òyìnbó náà ṣe, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà á sí ẹgbẹ́. Mo yọ ẹsẹ̀ kí n tó dé ìyípo náà, mo jẹ́ kí ọkọ̀ wá ojú ọ̀nà rẹ̀, mo sì tẹ iná bí ojú ọ̀nà ṣe ń là. Mo rí i nínú dígí pé ọkùnrin náà yí gbogbo ara padà láti wò wá.

Ní Agége, Bọ̀dá mi ní kí n dúró kí òun gbà á. Mo ní tá a bá dúró, ó tán. Òótọ́ ni, àmọ́ n kò fẹ́ dúró náà ni. A já sí Muṣin bẹ́ẹ̀, èrò ń sọdá, adìẹ ń fò, bàbá kan tó wọ aṣọ funfun sì ń bọ́ sójú títì láìwo ọ̀tún wo òsì. Mo fọn fèrè mọ́ ọn, mo fọn ọ́n gan-an. Bàbá náà fò padà sẹ́yìn, ó di fìlà mú. Bọ̀dá mi fi ọwọ́ bojú.

Ó ní, "A gbé. Bàbá wa ni."

Ìgbà yẹn ni mo tó gbà. Ní kọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn Ìdí-Òrò, mo dúró, Bọ̀dá mi, tí ọwọ́ rẹ̀ ti balẹ̀, gba ọkọ̀, òun ló sì wà á wọ pápá ní Yaba níṣojú gbogbo ènìyàn. Kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan.

Nígbà tí gbogbo ọkọ̀ dé tán, olórí ẹgbẹ́ náà, òyìnbó gíga kan tí oòrùn ti sun ní imú, ń pe àwọn awakọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá mẹkáníìkì ti dé láti Ọ̀tà, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn. Nígbà tó kàn wá, òyìnbó na ọwọ́ sí Bọ̀dá mi, ó ní àwọn gbọ́ pé nínú gbogbo ọkọ̀ ọjọ́ náà, tirẹ̀ ló gba ìyípo Ọ̀tà dára jù, kí ó máa bọ̀ lórí pápá lọ́jọ́ Sunday tó ń bọ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo wo ilẹ̀. Mo fẹ́ pariwo, mo sì fẹ́ sá. Ọkọ̀ tirẹ̀ ni, orúkọ tirẹ̀ ni, bó bá sì gba ọwọ́ yẹn, ohun tó ti ń lálàá rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Bọ̀dá mi kò gba ọwọ́ náà. Ó yọ fìlà rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè: "Ẹ má bínú, sà. Èmi kọ́ ni mo wà á níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí lórí afárá kan, mi ò lè wa ọkọ̀ mọ́. Àbúrò mi obìnrin yìí ló wà á láti ibẹ̀ dé Ìdí-Òrò."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan súfèé. Òyìnbó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní òun mọ rírì òtítọ́, ṣùgbọ́n òfin ni òfin, wọ́n sì yọ orúkọ Bọ̀dá mi kúrò lójú ẹsẹ̀. A wọ ọkọ̀, a forí lé ilé.

Bàbá ti ń dúró dè wá lórí ẹní. Kò béèrè ẹ̀gbọ́n ìyá wa. Ó ní, "Ta ló fọn fèrè mọ́ mi?"

Mo kúnlẹ̀. "Èmi ni, Bàbá."

Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà ló ní, "O fọn ọ́n lásìkò. N kò wo ọ̀nà." Ó dìde lọ ṣe àlùwàlá. Láti ọjọ́ yẹn kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ mọ́, ó sì ní kí dẹ́rẹ́bà àgbà gba kọ́kọ́rọ́ gbogbo lọ́rì lọ́wọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ yẹn, n kò lè jókòó, n kò lè dúró. Mo rán apá aṣọ kan mọ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀ ni ọ̀gá mẹkáníìkì wọ ilé wa. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, ó ní òun ń wá ẹni tí á máa bá òun dán ọkọ̀ wò tí òun bá tún un ṣe tán, òun á máa san owó oṣù, àti pé òun ní ọkọ̀ kan tó ń sáré lórí pápá tí òun kò lè wà mọ́ nítorí ẹsẹ̀ tí ogun bà jẹ́. Ó ní òun ti bi àwọn ará ẹgbẹ́: ọkọ̀ òun ni, ọmọ ẹgbẹ́ lè yan ẹni tí á bá a wa ọkọ̀ rẹ̀, kò sì síbi tí òfin wọn ti dárúkọ obìnrin. Bàbá ní òun á rò ó. Ó rò ó títí àárẹ̀ fi mú mi, kó tó wá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: bí Bọ̀dá mi bá máa wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kí n lọ.

Bí mo ṣe wọlé nìyẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lórí pápá, èmi ni mo gbẹ̀yìn. Nígbà tó yá, n kì í gbẹ̀yìn mọ́, ìgbà mìíràn sì wà tí n kì í rí ọkọ̀ kankan níwájú mi. Bọ̀dá mi á dúró sétí pápá, aago lọ́wọ́. Kò tún fi ọkọ̀ sáré mọ́ láyé rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí a ń fọ ọwọ́ nínú ìsọ̀ rẹ̀, mo bi ọ̀gá mẹkáníìkì bóyá ó mọ̀ pé èmi ni, lọ́jọ́ ìyípo Ọ̀tà. Ó ní, "Mo rí ìborùn ẹ kedere. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n ẹ máa wí ni." Mo ní bó bá dákẹ́ ńkọ́? Ó nu ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Bó bá dákẹ́, èmi náà ì bá dákẹ́. Mi ò lè pe ọkùnrin ní òpùrọ́ níwájú òyìnbó nítorí obìnrin tí mi ò mọ̀ rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sinmi títí di òní. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé bí ọwọ́ èèyàn bá ti dára tó, ọ̀nà á là fún un fúnra rẹ̀. Ọwọ́ mi dára. Síbẹ̀, mo dúró nínú pápá yẹn, gbogbo ìyókù ayé mi wà lẹ́nu ẹlòmíràn, n kò sì lè ràn án lọ́wọ́. Mo máa ń ronú nípa àwọn tó mọ ọkọ̀ wà jù mí lọ, tí ẹni tó jókòó tì wọ́n dákẹ́ lọ́jọ́ tiwọn. Bọ̀dá mi ti lọ báyìí, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Àwọn ọmọ mi gbà pé èmi ni akíkanjú ilé wa, torí ọkọ̀ tí mo fi sáré. N kì í bá wọn jiyàn, àmọ́ mo mọ̀ pé ohun tó le jù tí ẹnikẹ́ni ṣe nínú ìdílé wa, ẹsẹ̀ ni Bọ̀dá mi fi dúró ṣe é, ó yọ fìlà, ó sì sọ níwájú gbogbo èèyàn pé ẹ̀rù ba òun.