Reluwé Ilésanmí àti Ibojì Bàbá Wọn

Ògiri kan ló pààlà èmi àti Ilésanmí ní Ẹ̀fọ̀n níbí. Ohun tí mo bá sọ nípa rẹ̀, ó ṣojú mi kòró. Firiji ló ń tún ṣe, ọwọ́ rẹ̀ sì dá múṣémúṣé. Ṣùgbọ́n tó o bá gbé firiji fún un lásìkò yìí, kó o yáa lọ yan ẹran rẹ. Reluwé ló gbà á lọ́kàn.

Reluwé kẹ̀, ní Èkìtì tí ojú irin ò dé rí! Kékeré ni o, kò gùn ju apá ọmọdé lọ. Páìpù kọ́pà ara firiji tó ti kú ló jó pọ̀ tó fi ṣe ìkòkò omi rẹ̀. Á fi sípíríìtì dáná sábẹ́ rẹ̀, omi á hó, ooru omi náà á sì máa yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Irin fèrèsé àlòkù ló ń tò yí ilé ká fún un láti máa sáré lé lórí. Tó bá ti fọn fèrè báyìí, gbogbo adìẹ mi á fọ́n ká. Mo bú Ilésanmí títí, ó rẹ̀ mí.

Ilẹ̀ ni wàhálà rẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni iwájú ilé wọn, ọkọ̀ náà ò sì lè gun òkè. Ibi kan ṣoṣo tó tẹ́jú níbẹ̀ ni orí ibojì bàbá wọn tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dán. Tí ojú irin ò bá gba ibẹ̀, kò ní lè yípo dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ilésanmí ní òun á gba ibẹ̀. Abigail, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà, ní kò sí ohun tó jọ ọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣebí a máa ń sá láfún síbẹ̀,” Ilésanmí wí. “A sì ń jókòó síbẹ̀ gba atẹ́gùn. Kí ni reluwé wá ṣe?”

Láfún tèmi gan-an ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

“Láfún kọ́ ló gba bàbá lọ́wọ́ wa!” Ojú Abigail ti pọ́n. “Òṣogbo ni wọ́n ti ń koná sí reluwé títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Kérésì nìkan ni wọ́n ń wá sí ulé, ọbẹ̀ ò ní tíì tutù tí wọ́n á ti lọ. Nígbà tí màámi ń kú lọ, orí irin ni bàbá wà. Ọmọ ọwọ́ ni ọ́, o ò lè mọ̀. Èmi ni màámi ń bi bóyá wọ́n ti dé. Nǹkan ọ̀hún lo wá fẹ́ gbé lé wọn láyà? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!”

Ilésanmí fọwọ́ pa ọkọ̀ náà lára.

“Mo kàn fẹ́ mọ ohun tó dùn níbẹ̀,” ó ní, “tí wọn ò fi lè padà wá bá wa.”

Àánú àwọn méjèèjì ṣe mí. Abigail wá ní kó tò ó kí òun wò ó lẹ́ẹ̀kan péré; tí kò bá tẹ́ òun lọ́rùn, kó tú u dànù. Mo kó láfún mi kúrò.

Ilésanmí to irin kọjá lórí ibojì, ó dáná. Ọkọ̀ náà fọn fèrè, ó gba orí ibojì kọjá, ó wọ ẹ̀yìn ilé lọ. A ò rí i mọ́. Abigail na ọrùn. Ìgbà tó yá, ó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, èéfín ń rú lórí rẹ̀, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa.

“Ó ti dé padà,” Abigail wí.

“Ilé yìí náà ló ń yí po, Ẹ̀gbọ́n. Kò níbòmíì tó ń lọ.”

Ó lọ, ó tún dé. Omijé ti bọ́ lójú Abigail, kò tilẹ̀ nù ún.

“Má tú u mọ́,” ó ní. “Ṣùgbọ́n tó bá ti dé ibi tí wọ́n wà yẹn, jẹ́ kó máa dúró díẹ̀, kí wọ́n lè ráyè sọ̀ kalẹ̀.”

Ibẹ̀ ló ń dúró báyìí. Èmi ti wá ibòmíì sá láfún mi.