Oje Kajú Tí A Sá Sórí Àpáta

Mo rántí òórùn èèpo ọsàn nínú yàrá àyẹ̀wò wa n'Ìkẹ́rẹ́, nígbà tí mo ṣì gbà pé bí ènìyàn bá ṣáà ti mọ iṣẹ́, iṣẹ́ náà yóò gbẹnu sọ fún un. Mo kàwé nígbà náà, n kò gbọ́n. A fẹ́ mọ̀ bóyá oje ara igi kajú lè rọ́pò oje olówó gọbọi tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun. A óò gbẹ ẹ́, a óò lọ̀ ọ́, a óò pò ó mọ́ omi àti òróró èèpo ọsàn, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi di ìyẹ̀fun. Bí oje bá dára, yóò bo ẹ̀kán òróró kọ̀ọ̀kan bí èèpo ti ń bo ẹyin, òórùn ọsàn kò sì ní fò lọ.

Ibi gbígbẹ ni gbogbo wàhálà wà. Èyí tí ọ̀gá wa kọ́kọ́ tì bọ inú àdìrò pọ́n bíi ṣúgà tó jó, kò sì yọ́ nínú omi mọ́. Èmi wá sá tèmi sábẹ́ òjìji, lórí aṣọ funfun, mo ń yí i láràárọ̀. Ó ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, ó ń mọ́ bíi gíláàsì. Ọ̀gá ti ṣèlérí pé bí èyí bá yọrí, orúkọ mi ni òun yóò fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn fún oyè kejì. Èmi òmùgọ̀ ti ra àpótí ìrìn-àjò.

Àfi bí àwọn àlejò Ìbàdàn tó fẹ́ wo iṣẹ́ wa ṣe ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ lọ́tùn-únla. Ọ̀gá tẹ oje mi wò, ó ṣì rọ̀.

"Gbé e lọ sórí àpáta. Ṣebí ibẹ̀ lẹ̀yin ará Ìkẹ́rẹ́ ti ń sá èlùbọ́ yín?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan sí i."

"Ìwọ ni ọ̀gá ni?"

Mo gbé e lọ. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi gun àpáta náà. Ìyá arúgbó kan tó ń yí èlùbọ́ rẹ̀ níbẹ̀ wò mí sùn-ùn.

"Ọmọ mi, uṣu là á sá síbí o. Èyí rẹ á dín ni."

"Ọ̀gá ló ní kí n sá a, màmá."

"Ọ̀gá rẹ ni yóò jẹ ẹ́?"

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ẹ̀yìn oje náà ti le bí òkúta. Bí a ṣe fọ́ ọ, inú rẹ̀ ṣì tutù: oòrùn ti dí ọ̀nà tí omi ìbá gbà jáde. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Ìyẹ̀fun wa di kókó, òróró ń jẹ̀ sára bébà lójú àlejò.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni. Ohunkóhun tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́, èlùbọ́ ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, n kò sì tíì dárí ẹ̀rín yẹn ji ara mi. Àbúrò ìyàwó ọ̀gá ló lọ sí Ìbàdàn dípò mi. Èmi di Ìyá Elélùbọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin ọ̀gá ti Èkó wá, ó kúnlẹ̀. "Màmá, Dádì ń pé àádọ́rùn-ún ọdún. Ẹ bá wa kọ nǹkan sínú ìwé ìdúpẹ́. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ bá àwọn ṣiṣẹ́ pẹ́ jù." Ọmọ náà kò mọ nǹkan kan. Mo gba bébà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó lọ, mo ṣí agolo tí mo fi ẹ̀kúnwọ́ oje abẹ́ òjìji pamọ́ sí. N kò kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí àpáta lọ́jọ́ náà; ìyókù gbẹ parí lábẹ́ òjìji. Mo dà á sínú omi. Ó yọ́ tán, kò ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Kò sí ẹni tí mo fẹ́ fi hàn mọ́. Ó ti rẹ̀ mí.

Lánàá ọmọ náà pè mí lórí fóònù. "Màmá, Sátidé ni ìdúpẹ́ o! Àwọn atẹ̀wé ń dúró."

Bébà náà wà níwájú mi, òfìfo.

"Ọmọ mi," mo ní, "ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan sí i."