Òwú Inú Panumọ́

Ìyàwó mi máa ń sọ pé bí ẹnìkan bá kí mi pé ẹ kú àárọ̀, n óò kọ́kọ́ wo ojú sánmà ná kí n tó dá a lóhùn. Kò parọ́ mọ́ mi. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni mí, àgbẹ̀dẹ wa sì wà lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Bẹẹrẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ọjà'ba. Ohun tí ojú wa ń rí níbẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn tètè gba ọ̀rọ̀ gbọ́. Ẹni tó fi àdá gé òkúta yóò ní irin wa ni kò dára. Ẹni tó jí ọkọ́ gbé yóò ní ojú ọ̀nà oko lòun ti rí i he. Ìfura loògùn àgbà, èmi sì ti ń lo oògùn náà kí n tó dàgbà.

Bàbá mi kò rí bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. Nígbà tí mò ń sọ yìí, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ó ti fi iná àti òòlù sílẹ̀ fún mi, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù tó ń ṣe. Bí ọ̀bẹ tàbí àdá bá ń mì nínú èèkù rẹ̀, òun ni wọ́n ń gbé e wá bá. Yóò fa ọ̀bẹ yọ, yóò fi òwú tó ti rẹ sínú àdín wé ìrù rẹ̀ yíká-yíká, yóò sì tì í padà sínú igi. Ọ̀bẹ tí bàbá mi bá wé kì í mì mọ́ bọ̀rọ̀. Láti Òjé títí dé Kudeti, wọ́n mọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ èèkù. Iná ti pa ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nígbà èwe, kò lè ká, nítorí náà òsì ló máa ń wé òwú sí, kì í sì í ta kókó. Ńṣe ló máa ń ki ìdí òwú náà sábẹ́ ara rẹ̀.

Ìgbà náà, a kò tíì kọ́ gbọ̀ngàn sórí òkè Màpó. Òyìnbó kan wà tó ń wọn ilẹ̀ káàkiri igbó, ó sì ní ìbọn ọdẹ kan. Irin dúdú kan wà, ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ ọmọdé, inú rẹ̀ ṣófo, òun ni wọ́n máa ń yí mọ́ ìbọn náà lẹ́nu. Bí òyìnbó bá yìn ín, ariwo rẹ̀ kì í ju ti ẹni tó gbá ẹní lórí ilẹ̀ lọ. Àwọn ará àdúgbò wa sọ irin náà ní Panumọ́. Ìbọn tí àwa mọ̀ ní Ìbàdàn, ó ń ké. Ẹni tó yìn ín ti sọ fún gbogbo ayé pé òun yìn ín. Kí lèèyàn fẹ́ fi ìbọn tí kì í ké ṣe? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Ọjà'ba nìyẹn, ẹnu mi kò sì gbẹ́yìn.

Ọkọ àbúrò mi obìnrin ló ń bá òyìnbó yìí gbé ìbọn. Ní ọjọ́ Àtàláátà kan, ó wọ àgbẹ̀dẹ wa tòun ti akódà ìjọba kan lẹ́yìn rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀ sílẹ̀. Ó tú aṣọ kan, ó sì gbé Panumọ́ kalẹ̀ níwájú mi. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ya, ẹnu rẹ̀ ti wú síta. Ó ṣàlàyé pé òyìnbó yìn ín láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú, ó dún gbàù, irin fò lọ lẹ́bàá etí rẹ̀. Òmíràn kò lè dé láti ìlú òyìnbó kí oṣù mélòó kan tó kọjá, nítorí náà òyìnbó ní kí a bá òun tún un ṣe kó tó di Jímọ̀, kí a sì sọ ohun tó bà á jẹ́ fún òun. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ló bà á jẹ́, ẹ̀wọ̀n ni.

Akódà náà fi ìdí kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni pé ilé bàbá rẹ̀ ni. Ẹni tó ń tọ́jú ìbọn náà, ta ni bí kò ṣe àna wa fúnra rẹ̀? Ó ní ọmọ mẹ́ta pẹ̀lú àbúrò mi.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé ẹ̀bìtì ni wọ́n dẹ fún mi. Wọ́n ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé àwọn òyìnbó fẹ́ mọ gbogbo alágbẹ̀dẹ tó mọ ìbọn tún ṣe. Mo ní n kò mọ nǹkan kan nípa ìbọn. Bàbá mi ló gbé ojú sókè lórí ẹní rẹ̀, ó ní kí n gbà á, pé irin kì í ṣe àjèjì nínú ilé wa. Mo bá gbà á.

Mo gbé e sínú oòrùn, mo wò ó láti ìdí dé ẹnu. Àwọn irin pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, olúkúlùkù sì ní ihò láàárín tí ọta ń gbà kọjá. Mo rí i pé ibi tó ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yọ síta, kò wọnú. Ìyẹn ni pé kì í ṣe pé ó bọ́ lulẹ̀, kì í sì í ṣe pé ẹnikẹ́ni fi nǹkan lù ú. Láti inú ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Mo tún wo àwọn ihò náà, mo rí i pé apá kan náà ni ọta ti ń ha gbogbo wọn, ó sì ń pọ̀ sí i bí ó ṣe ń súnmọ́ ẹnu. Panumọ́ wọ́ lórí ìbọn nígbà tí wọ́n yìn ín nìyẹn. Ta ló wá jẹ́ kó wọ́?

Ní Àlàárùbá, bí mo ṣe ń fi òòlù kékeré lu ẹnu rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, bàbá mi bi mí léèrè pé, ọrùn rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ṣì le? Mo ní ó le. Ó mi orí, ó ń bá tẹ̀súbáà rẹ̀ lọ. N kò fi ọkàn sí ìbéèrè náà.

Àwọn ẹlòmíràn ni mo fi ọkàn sí. Mo fura sí òyìnbó, pé bóyá òun ló bà á jẹ́ tó ń wá ẹni tí yóò dì í rù. Mo fura sí kúùkù rẹ̀, tó ń gbé Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, nítorí pé ó ti pẹ́ tó ti fẹ́ kí àbúrò òun bá òyìnbó gbé ìbọn. Mo lọ bá a nílé. Ọkùnrin náà bọ́ agbádá fún mi wò, ó ní kí n yẹ ara òun wò bí mo bá rò pé òun jí nǹkan. Ó wá sọ fún mi pé irin náà ti ń mì lẹ́nu ìbọn láti ìgbà díẹ̀, pé òyìnbó bínú sí àna wa nítorí rẹ̀, àti pé ní ọjọ́ ọjà Òjé tó kọjá, àna wa fi aṣọ dì í, ó gbé e jáde, ó sì gbé e padà wálé lálẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò mì mọ́.

Mo padà wálé, mo ránṣẹ́ pe àna wa.

“Ibo lo gbé e lọ lọ́jọ́ ọjà Òjé?”

Ó wo ọ̀dọ̀ bàbá mi níbi tó jókòó sí, ó sì tún wo ilẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, òróró ni mo lọ fi pa á.”

Mo mọ irọ́ bí mo bá rí i. Mo sọ ọ̀rọ̀ gbígbóná sí i lára níwájú akódà, níwájú àwọn tó wá pọ́n àdá. Mo ní ó ti ń fi ìbọn olóhun ṣọdẹ ní bòókẹ́lẹ́, pé ẹran etu tí àbúrò mi sè níjọ́ sí kò ti ọjà wá. Ó dojú bolẹ̀, kò bá mi jà. Nígbà tí àbúrò mi gbọ́, ó wá bá mi, kò tilẹ̀ jókòó. Ó ní bí wọ́n bá ti ọkọ òun mọ́lé, iwájú àgbẹ̀dẹ wa lòun àtàwọn ọmọ òun máa wá jókòó sí, kí n máa wò wọ́n lójoojúmọ́. Mo bínú sí i pẹ̀lú.

Ní Àlàmíìsì, mo kan fẹ́ nu ọrùn Panumọ́ mọ́ ni, níbi tó ti ń yí mọ́ ìbọn. Mo rí ohun dúdú kan nínú ojú ìyí rẹ̀, mo rò pé ẹ̀tù tó jó ni. Mo fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́. Ó jáde wá gígùn, ó ń run àdín. Òwú ni. Òsì ni wọ́n wé e sí, kò sí kókó níbẹ̀. Wọ́n ki ìdí rẹ̀ sábẹ́ ara rẹ̀.

Mo jókòó. Mo tún wò ó bí ẹni pé yóò yí padà di ti ẹlòmíràn. Mo ti fura sí òyìnbó, sí kúùkù, sí ọkọ àbúrò mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fura sí akódà. Ọwọ́ tí mo mọ̀ jù láyé ni kò wá sí mi lọ́kàn. Ọjọ́ ọjà Òjé ni mo máa ń lọ ra irin. Èmi kò sí nílé, àna wa sì gbé e wá bá bàbá mi. Òwú náà ló gbé ọrùn irin náà sápá kan. Igi èèkù yóò gba òwú, yóò sì dúró. Irin òyìnbó kò gba nǹkan kan láàárín òun àti irin ẹgbẹ́ rẹ̀. Bàbá mi kò mọ̀, èmi gan-an ìbá má mọ̀ bí n kò bá rí bí ó ṣe ya. Ẹ̀rù bà mí gidi. Àgbàlagbà tí kò ríran dáadáa, báwo ni yóò ṣe ṣẹ̀wọ̀n? Mo ká òwú náà sínú etí fìlà mi, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo pinnu pé kòkòrò tó ń fi amọ̀ kọ́lé ni n óò sọ pé ó dí i.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, òyìnbó dé pẹ̀lú ògbifọ̀ rẹ̀ àti àna wa. Mo ti yọ àwọn irin tó bàjẹ́, mo ti na ẹnu rẹ̀, mo ti dí ibi tó ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó yí i mọ́ ìbọn, ó dijú kan, ó wo inú rẹ̀, ó sì mi orí pé ó dára. Ó ní kí ló bà á jẹ́. Mo ní amọ̀ kòkòrò ni. Ògbifọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Òyìnbó béèrè pé iṣẹ́ ta ni láti máa wo ẹnu ìbọn bóyá kòkòrò wà níbẹ̀. Gbogbo wa la mọ ẹni tó jẹ́. Akódà dìde. Àna wa ti dọ̀bálẹ̀.

Bàbá mi pè mí láti orí ẹní rẹ̀.

“Kí lo bá ní ọrùn rẹ̀?”

Mo fọwọ́ di fìlà mi mú.

“Mo gbọ́ bí o ṣe ń fi abẹ́rẹ́ ha á lánàá, o sì dákẹ́ lójijì. Kí lo bá níbẹ̀?”

Mo ṣí fìlà, mo fi òwú náà sí i lọ́wọ́. Ó fi àtàǹpàkò wá ìdí rẹ̀, ó rí ibi tó ki í sí. Ó kọjú sí ògbifọ̀.

“Ẹ bá mi sọ fún un pé èmi ni. Àna mi yìí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ó ń mì, mo bá wé e. Mo ṣebí èèkù ni.”

Ògbifọ̀ túmọ̀. Òyìnbó ní kí ó tún un sọ. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín. Ó rín, ó rín, ó fi ọwọ́ nu ojú. Ògbifọ̀ ń rín, akódà pàápàá ń rín. Ó ní kí àna wa dìde, pé kò sí ẹ̀wọ̀n. Ó gba òwú náà lọ́wọ́ bàbá mi, ó fi í sínú ìwé kékeré kan, ó ní òun yóò fi han àwọn ẹgbẹ́ òun. Ó gbá bàbá mi léjìká pẹ́pẹ́, wọ́n sì lọ.

Mo bẹ àna wa lọ́jọ́ náà. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ni n bá sọ fún pé bàbá ìyàwó mi ló bà á jẹ́?” Ojú tì mí.

Bàbá mi bi mí pé kí ni wọ́n rí rín. Mo ní bí òyìnbó ṣe máa ń ṣe nìyẹn bí inú rẹ̀ bá dùn. Ó ní hẹn-ẹn. Kò gbà mí gbọ́, èmi náà kò sì gba ara mi gbọ́. Ẹ̀wọ̀n ni mo ti ń bẹ̀rù fún un, n kò ronú kan ẹ̀rín.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá gbé ọ̀bẹ wá, yóò ní kí wọ́n gbé e fún mi, pé èmi ni mo mọ̀ ọ́n wé. Mo ń wé ti àwọn oníbàárà ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí kò ti ní gbúròó mi. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ti wé ọ̀bẹ ìdáná ilé wa tẹ́lẹ̀, nígbà tó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í mì, kò sọ pé kí n ṣe é, n kò sì lè fọwọ́ kàn án. Ó ń mì lọ́wọ́ ìyàwó mi bẹ́ẹ̀ títí bàbá fi kú.